Ìkọ́ ìgbànú mi àti ohun tó jábọ́ lórí òrùlé ní Akọ́bọ̀

Kò sí ohun tó já lára díríìlì náà, irinṣẹ́ tí mo fi ń lu ihò. Ìkọ́ tí mo fi gbé e kọ́ ìgbànú ṣì wà ní ìbàdí mi, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò ṣẹ́, kò tẹ̀. Okùn ẹ̀yìn díríìlì wà lódindi. Síbẹ̀, díríìlì kúrò lára mi, ó sì lọ balẹ̀ sí èjìkà ọmọ iṣẹ́ mi tó wà nísàlẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé irinṣẹ́ kọ́ ìdí gun òkè ni mo kọ èyí fún, ì báà jẹ́ káfíńtà, oníná, akunlé tàbí ẹni tó ń to sólà bíi tèmi. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí kì í gun nǹkan kan pẹ̀lú, tó kàn ń fi ìdì kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìgbànú káàkiri ìlú.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ iná ilé ni mo kọ́ kí n tó yà sí sólà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lè wà lórí òrùlé kan láàárọ̀ kí n tún wà lórí òmíràn lọ́sàn-án. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ni mo ń wá ohun tí yóò mú kí ọwọ́ mi yá. Kí ènìyàn máa sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà nítorí sípánà kan ṣoṣo máa ń jẹ àkókò púpọ̀. Mo wá sọ ìgbànú mi di àpótí irinṣẹ́: tésítà, pùláyà, sípánà 13, téèpù ìwọ̀n, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, àti díríìlì oníbátìrì.

Ohun tí mo fi ń kọ́ wọn ni àwọn ìkọ́ aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà lójú títì fún kọ́kọ́rọ́. Wọ́n rí bíi lẹ́tà D. Ilẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní sípíríǹgì: ẹ ó fi àtàńpàkò tì í wọlé, ẹ ó kọ́ nǹkan sí i, ẹ ó jọ̀wọ́ rẹ̀, á sì padà sí àyè rẹ̀. Kàrábínà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Mo ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Dùgbẹ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí i lára pé kì í ṣe fún gígun òkè. Mo rí i, mo kà á. Mo ní lọ́kàn ara mi pé kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ fi rọ̀, díríìlì ni.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Akọ́bọ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí lórí páànù títí dé ilẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 7. Pánẹ́ẹ̀lì 8 ni a fẹ́ tò, ó ku méjì. Oòrùn ti mú páànù gbóná débi pé mo fi àpò sìmẹ́ńtì tẹ́ ìdí. Mo fẹ́ kí a parí kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, nítorí mo ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn ní Mọ̀níyà. Àwọn irin tí a fi ń di pánẹ́ẹ̀lì mú tán lọ́wọ́ mi, mo sì ké sí ọmọ náà pé kó wá sí ìdí àkàbà kó so ìyókù mọ́ okùn fún mi. Èmi ni mo pè é wá síbẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á dáadáa. Ọmọ yẹn kò ṣàìgbọràn, kò sì ṣeré. Ó wá síbi tí mo ní kó wá.

Mo yí ìbàdí sápá òsì kí ọwọ́ mi lè tó bóòtù kan. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan, kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ta èékánná mọ́ abọ́ tánganran. Ìbàdí mi fúyẹ́. Kí n tó yíjú wolẹ̀, mo ti gbọ́ igbe.

Mo ti jókòó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ì bá lè kígbe kó yẹ̀. Ohun tó bá já láti mítà 7 kò ní lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀ kó tó dé ilẹ̀. Bó bá fi máa balẹ̀, eré tó ń sá á ti tó kìlómítà 42 láàárín wákàtí kan, eré ọ̀kadà tó ń bọ̀ geere. Díríìlì mi pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò kan àbọ̀. Kò sí igbe tó lè yára tó o.

Eegun tó so àyà mọ́ èjìkà ni ó ṣẹ́. Kò dé akoto, nítorí n kò ra akoto fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó tẹ ọrùn síwájú díẹ̀ sí i ni, orí rẹ̀ ni ì bá gbà á. Mo ṣì máa ń rí i lójú oorun báyìí pé ó tẹ ọrùn síwájú.

Onílé fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya fọ́tò eegun náà, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, wọ́n ní kó má fi apá náà ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo san owó rẹ̀. Ní alẹ́ ni ìyá rẹ̀ dé láti Ìwó. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Kò bú mi. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ọ̀gá wọn, kí ló bọ́ lé e?"

"Díríìlì ni, Mà."

"Báwo ló ṣe bọ́?"

N kò rí nǹkan sọ. Mo ní yóò jẹ́ pé ìkọ́ ló já, bẹ́ẹ̀ ìkọ́ náà wà ní ìbàdí mi níbi tí mo dúró sí níwájú rẹ̀, kò já.

Oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni, pé wọ́n ń wá ẹ̀mí èmi ni wọ́n fi bá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnì kan ní bóyá n kò tilẹ̀ kọ́ ọ rárá, pé orí itan ni mo gbé e lé tí mo sì gbàgbé. Èyí dùn mí jù, nítorí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ara mi. Mo gbàdúrà, n kò sì fi àdúrà sílẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò létí mi. Bí n kò bá mọ bó ṣe bọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe tí kò fi ní bọ́ mọ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé díríìlì náà lé ẹsẹ̀, mo mú ìkọ́ náà lọ́wọ́. Òrùka kọ́kọ́rọ́ kan wà tí mo fi sí okùn ẹ̀yìn díríìlì kó lè rọrùn láti kọ́. Mo kọ́ ọ, mo gbé e sókè, mo sì ń yí díríìlì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún láìní ìdí kan pàtó. Ni mo bá rí i. Bí díríìlì ṣe ń yí, òrùka ń bá a yí. Ó gun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìkọ́ náà, ó dùbúlẹ̀ lé e láti òde. Mo tún yí i díẹ̀. Òrùka fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé, ó yọ jáde, ilẹ̀kùn sì padà sí àyè rẹ̀. Kẹ́ẹ́. Ohùn tí mo gbọ́ lórí òrùlé gan-an ni.

Mo jí ìyàwó mi kó wá wò ó. Mo ṣe é ní ìgbà 20 níwájú rẹ̀, ó bọ́ nígbà mẹ́fà. Àyà mi já, ara mi sì tún fúyẹ́, nítorí n kì í ṣe ẹni tó gbé díríìlì lé itan.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Ilẹ̀kùn ìkọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ àtàńpàkò yàtọ̀ sí òrùka. Ohunkóhun tó bá ti tì í láti òde, yóò ṣí fún un. Ohun tó bá sì ń rọ̀ ní ìbàdí ẹni kì í dúró jẹ́ẹ́: ẹ jókòó, á yí, ẹ bẹ̀rẹ̀, á yí, ẹ gun àkàbà, á gbá yín lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ kan ṣoṣo, ó ti lè yí ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ó kàn ń wá ẹnu náà ni. Èmi ti ń ronú nípa bí irin ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ agbára irin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ohun tó ti pa àwọn ènìyàn ṣáájú ni. Ìkọ́ tí òṣìṣẹ́ fi so ara rẹ̀ mọ́ òkè lè yí lé òrùka bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó ṣí, kí òṣìṣẹ́ náà sì já. Ìdí nìyí tí OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi pàṣẹ fún àwọn tó ń kọ́lé pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1998, ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń tì pa nìkan ni kí wọ́n máa lò nínú ohun tí wọ́n fi ń dá ẹni tó já bọ́ dúró. Láti ọjọ́ kan náà ni wọn kò ti gba bẹ́líìtì ìbàdí lásán fún iṣẹ́ yẹn mọ́, nítorí ó lè ba inú àti ẹ̀yìn ẹni tó fi já jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí níbí: gbogbo ohun tí mò ń sọ nípa ìgbànú nínú ìwé yìí, irinṣẹ́ ló wà fún. Ẹ má fi ìgbànú irinṣẹ́ so ara yín mọ́ òkè láé. Ìjánu tó gba èjìkà àti itan ni ènìyàn ń wọ̀.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn tí mo ti rí ohun tó fà á, mo ti bọ́. Mo tún ṣe àṣìṣe. Ọkàn mi ṣì ń sọ fún mi pé irin tó nípọn ni ojútùú, mo sì lọ ra ìkọ́ ẹ̀wọ̀n ajá, irin gidi, èyí tó ní kókó kékeré kan tí ènìyàn ń fi àtàńpàkò fà sẹ́yìn. Ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kókó kékeré yẹn yọ síta. Bí ó bá ti kọ́ igi àkàbà tàbí etí àga ọkọ̀, á sún sẹ́yìn, ẹnu á là. Mo fi kọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ mi. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Agodi, mo fò kọjá gọ́tà, ìbàdí mi sì ha ara ògiri. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo rí i pé kò sí nǹkan kan nídìí mi. Kọ́kọ́rọ́ géètì oníbàárà kan wà nínú ìdì yẹn. Mo ní láti lọ sọ fún un pé mo ti sọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ nù, kí n sì san owó àgádágodo tuntun. Ẹ̀sín rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gun òpó ńlá àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ni ó là mí lójú. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, ó sì lọ mú kàrábínà kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ti àwọn tó ń gùn ún gan-an ni. Ó ní ó ti pẹ́, wọn kò gbọdọ̀ fi gbé ènìyàn mọ́, àmọ́ ó tó fún sípánà. Ó fi nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn hàn mí: 22, 8 àti 7, tí lẹ́tà kN sì tẹ̀ lé wọn. Ó ní kN, ìyẹn kilonútìnì, ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń fa nǹkan, pé kN kan tó nǹkan bíi ìwúwo kílò 100. Bí wọ́n bá fà á lóòró, tí ẹnu rẹ̀ pa dé, á gba kN 22. Bí wọ́n bá fà á ní ìdábùú, 8 ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá là nígbà tí ìwúwo dé bá a, 7 ni. Ìkọ́ kan náà, irin kan náà. Ẹnu tó là nìkan ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Ti ojú títì tí mo rà kò ní nọ́ńbà kankan lára. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ra ìkọ́ tí ẹni tó ṣe é kò lè kọ ohun tó lè gbé sí i lára.

Òun náà ló sọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá fún mi. Èdè Jámánì ni, *Karabinerhaken*, ìyẹn ìkọ́ ìbọn kárábínì. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ló ń fi kọ́ ìbọn wọn mọ́ ọ̀já tó gba àyà wọn, kí ìbọn má bàa já lọ nígbà tí ẹṣin bá ń sáré. Ní nǹkan bíi 1910 ni Otto Herzog, ará Jámánì kan tó ń gun àpáta, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún gígun òkè. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìkọ́ yìí fún ohun tó ń rọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ ń mì, wàhálà kan náà tí mo ní lórí òrùlé.

Ìkọ́ tí ọ̀rẹ́ mi yìí fún mi ní ọ̀já irin kan tó yí ilẹ̀kùn rẹ̀ ká, tí a ń yí bí ẹni ń dé ìgò títí yóò fi tì í pa. Mo lò ó fún oṣù kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ kan, mo fọwọ́ kàn án, mo rí i pé ọ̀já náà ti tú títí dé ìdajì. Jìgìjìgì ọ̀kadà ló tú u. Mo wá mọ̀ pé ó ní bí a ṣe ń kọ́ ọ: ẹ kọ́ ọ kó jẹ́ pé bí ọ̀já bá ń sún wálẹ̀, títì ló ń tì í, kì í ṣe ṣíṣí ló ń ṣí i. Ìyẹn yanjú jìgìjìgì. Kò yanjú ìgbàgbé. Bí oòrùn bá ti mú ènìyàn tán, tí iṣẹ́ sì ń lé e, á kọ́ nǹkan kó má yí ọ̀já. Mo mú ara mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tí mo ń lò báyìí ń ti ara rẹ̀ pa. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yí ọ̀já rẹ̀ kí ẹ tó lè ti ilẹ̀kùn wọlé, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, méjèèjì á padà fúnra wọn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó ṣí. Òrùka lè ti nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè yí ọ̀já kó tún ti ilẹ̀kùn pọ̀. Ó wọ́n ju mẹ́fà tí mo rà ní Dùgbẹ̀ lọ fíìfíì. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tàbí bí mo bá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì, iyanrìn á wọ inú ọ̀já náà, á máa lọ́ra láti padà. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ń kán epo díẹ̀ sí i bó bá gbẹ.

Ṣùgbọ́n ìkọ́ nìkan kọ́ ló ń gbé nǹkan. Mo fẹ́ kí ẹ tọ ọ̀nà ìwúwo náà láti irinṣẹ́ títí dé ara yín, nítorí mo ti rí i kí ìkọ́ dúró gbọin kí ohun mìíràn já. Òrùka kọ́kọ́rọ́ lásán, èyí tí wọ́n ká irin lẹ́ẹ̀mejì, á máa là díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó wúwo bá ń fà á. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àlàfo láàárín irin méjèèjì. Mo ti yọ gbogbo wọn kúrò lára irinṣẹ́ mi. Òrùka tí wọ́n jó pa ni mò ń lò. Ìkọ́ tó ní ọrùn tó ń yí tún dára sí i, nítorí bí irinṣẹ́ bá ń yí, ọrùn ìkọ́ ni yóò yí, òrùka kò ní rí ìdí kankan láti gun ilẹ̀kùn.

Ìgbànú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ awọ ayédèrú, ó ti ń bó lẹ́yìn, ojú ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Mo tún máa ń kọ́ nǹkan mọ́ ojú aṣọ kékeré tí télọ̀ rán sí ìdí ṣòkòtò fún ìgbànú, òwú lásán ni ìyẹn. Mo lọ sí ọjà Àràrómì ní Agodi, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo ra bẹ́líìtì àga ọkọ̀ àlòkù kan tí etí rẹ̀ kò tíì ya. Mo gbé e lọ bá oníbàtà tó wà nítòsí wa. Ó gé e, ó fi iná yọ́ etí rẹ̀ kó má tú, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi òwú bàtà rán an ní igun mẹ́rin pẹ̀lú àgbélébùú láàárín. Ojú mẹ́ta ni ó ṣe sí ìgbànú tuntun mi, òrùka tí wọ́n jó pa kọ̀ọ̀kan sì wà nínú wọn. Oníbàtà yẹn béèrè ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ ibẹ̀ kó tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ó ní ibi tí ohun tó wúwo yóò wà ni òun yóò rán lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé akèrègbè ní í júwe bí a ó ti fi okùn sí òun lọ́rùn. Ọdún mélòó ni mo fi ń ra ìkọ́ láì wo ohun tí mo fẹ́ fi kọ́!

Ìyẹn ló rán mi létí adẹ́mu kan ní abúlé bàbá ìyá mi. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ lórí igbà, á kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì í nísàlẹ̀ ọ̀pẹ, á fi gbogbo ara fà á lẹ́ẹ̀mejì. Akèrègbè tó ń gbé gòkè kò sì ní ìkọ́ kankan, okùn tí ó ta ní kókó ni. Kókó kò ní ilẹ̀kùn. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní ọ̀dọ̀ irinṣẹ́, n kò fi ìkọ́ sí i mọ́. Okùn tó nípọn ni mò ń ta ní ojóbó mọ́ ọrùn irinṣẹ́ náà, ìkọ́ kan ṣoṣo sì wà ní ọ̀dọ̀ ìgbànú. Bí ẹnu bá ṣe dín kù ni ibi tí nǹkan lè gbà bọ́ ń dín kù.

Mo sì ń dán wọn wò nílé kí n tó gun òkè. Mo ń kọ́ irinṣẹ́, mo ń jókòó, mo ń dìde, mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ yí i ní ìgbà 20 bí mo ṣe yí i ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń fi ìbàdí ha ara ògiri. Bó bá bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, n kì í gbé e gòkè. Ohun tó bá ju kílò méjì lọ, n kì í so ó mọ́ ara mi rárá, ìkọ́ yòówù kó wà níbẹ̀, nítorí bó bá já tí okùn sì dì í mú, èmi gan-an ni yóò fà wálẹ̀. Irin òrùlé ni mò ń so ó mọ́. Àwọn irin wẹ́wẹ́ ń gòkè nínú bókẹ́ẹ̀tì onídèérí. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń kọ ìlànà ààbò pàápàá: 2018 ni ìlànà ANSI/ISEA 121 jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí ó ṣe yẹ kí okùn àti ìkọ́ irinṣẹ́ rí kí nǹkan má bàa já bọ́ láti òkè.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ọmọ náà padà. N kò rò pé yóò padà. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá fúnra rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá wọn, ṣé ẹ ti wá mọ bó ṣe bọ́?"

Mo mú ìkọ́ pupa tí mo fi kọ́ díríìlì lọ́jọ́ náà àti òrùka rẹ̀, mo fi hàn án. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó yí i bí mo ṣe yí i. Nígbà kẹta, òrùka yọ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé tuntun lé e lọ́wọ́, ti ọ̀rẹ́ mi nígbà yẹn, mo ti ọ̀já rẹ̀ pa. Ó tì í, ó fà á, ó yí òrùka síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ṣí. Ó dá a padà fún mi.

"Èyí ni kí ẹ máa lò," ó ní. Ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Ọmọ náà ti ń gun òrùlé báyìí, òun náà ní ìgbànú tirẹ̀ tí oníbàtà yẹn rán. Mo ti ra akoto fún gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá wà lókè, a ń fi okùn yí abẹ́ ibẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀ àfi bí ẹni tó wà lókè bá ti fi ọwọ́ méjèèjì hàn. Mo fi ọwọ́ hàn án, mo ké sí i pé ó ti yá, kó máa bọ̀. Kì í bọ̀ lójú kan náà. Á kọ́kọ́ gbójú sókè, á wo ìbàdí mi.